Gíà Ọkọ̀ Ìyá Ìbejì

Ohun tó sọ ọ́ di Fọwọ́kàn ni pé kì í fi ẹnu wádìí ọkọ̀. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ń ṣe ségesège wá bá a, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn pé ìgbà tí ẹ ń ti ibi ìgbéyàwó àbúrò yín bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, pé ẹ kọ́kọ́ rò pé táyà ni, yóò máa wo ilẹ̀ títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, yóò ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀, yóò sì wa ọkọ̀ yín lọ lóun nìkan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á wà lórí irin gíà jẹ́jẹ́, bí ẹni fọwọ́ lé orí ọmọ tó ń sùn. Nígbà tó bá fi máa yí àdúgbò po padà dé, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Gíà ọtomátíìkì nìkan ló ń tún ṣe, èyí tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré sí i. Bí ẹ bá gbé òmíràn wá, á júwe ọ̀nà ibòmíràn fún yín.

Òfin tirẹ̀ yẹn, pé kí ẹni tó ni ọkọ̀ má ṣe bá òun jókòó nígbà tí òun bá ń dán an wò, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó ní àwọn tó ni ọkọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ jù, ọ̀rọ̀ sì máa ń dí ọwọ́ òun létí. Ó ti lé adájọ́ sọ̀kalẹ̀ rí. Ó ti lé pásítọ̀ sọ̀kalẹ̀, tí ìyẹn dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń gbàdúrà fún gíà. Ìyàwó ara rẹ̀ pàápàá, ẹ̀bá ọ̀nà ló ń dúró sí. Ká sọ tòótọ́, òfin náà dára, ó sì ti ràn án lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ó rí ọjọ́ tó já a kulẹ̀.

Ìyàwó yìí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Nọ́ọ̀sì tí òun sì ń pè ní Ìyá Ìbejì, agbẹ̀bí ni. Ó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà kò tíì kan ògiri. Ilé àwọn ọmọ tuntun ló ń lọ kiri: ó ń wo ìdodo, ó ń wọn ọmọ, ó ń jókòó ti ìyá tó ń sunkún pé ọmọ òun kò gba ọmú, títí tí ọmọ yóò fi gbà á. Àwọn èèyàn ní kó jókòó jẹ́ẹ́ sílé, ó ti ṣe tirẹ̀. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, pé ẹni tó pa òwe yẹn, iṣẹ́ òun gan-an ló ń wò tó fi pa á. Àwọn ìbejì tiwọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ sókè òkun, orí fóònù la ti ń gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ ọlọ́mọ ló kù tí Ìyá Ìbejì ń gbé mọ́ra.

Ọkọ̀ ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, aláwọ̀ ewé tó ti ń di eérú, tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti inú. Fọwọ́kàn ló rà á fún un nígbà tí àwọn ìbejì ṣì ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wà á. Àwọn ilé tó ń lọ jìnnà síra, orí òkè ni púpọ̀ nínú wọn wà, bọ́ọ̀sì kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí kò bá sí ọkọ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tó sọ nídìí oúnjẹ àárọ̀ pé gíà ọkọ̀ òun ti ń ṣe wàhálà, pé bó bá ti ń kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èjì ó máa ń ja òun síwájú bí ìgbà tí ẹnìkan gbá ọkọ̀ nídìí, Fọwọ́kàn dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ó mọ̀ pé gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ yẹn ti dàgbà. Ó mọ̀ pé irú rẹ̀ kò sí lórí àtẹ mọ́, èyí tí èèyàn bá sì rí, inú òkú ọkọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn àwo tín-ín-rín kan wà nínú gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ń di ara wọn mú kí ọkọ̀ tó lè rìn. Bí ìwọ̀nyẹn bá ti jẹ tán, kò sí ohun tí òun tàbí ẹlòmíràn lè ṣe sí i. Ọkọ̀ ti kú nìyẹn.

Ìyá Ìbejì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi bẹ́ ẹ bá ti wò ó," ó ní. "Bó bá ti tán, kí n mọ̀ pé ó ti tán, kí n sọ fáwọn ìyá ọmọ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn."

Fọwọ́kàn ní kò tíì tán. Bẹ́ẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ náà tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì mìíràn tó bá sọ irú rẹ̀ fún oníbàárà, òpùrọ́ ni ì bá pè é.

Ọgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ fẹ̀, páànù ló bo apá kan rẹ̀, ọ́ìlì sì ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di dúdú. Panẹbítà, tó ń na ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀, ló jọ ń lo ọgbà náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí àwọn méjèèjì. Ariwo òòlù ti sọ Panẹbítà di ẹni tó ń pariwo sọ̀rọ̀ níbi gbogbo, títí kan ibi ìsìnkú, kò sì sí àṣírí tí èèyàn lè bá a sọ tí ọ̀nà kejì kò ní gbọ́.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ náà kò ja Fọwọ́kàn rárá. Ọ̀kan bọ́ sí èjì, èjì bọ́ sí ẹ̀ta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lójijì, ó tún gbéra. Kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé gíà máa ń fara pamọ́ fún mẹkáníìkì, bí eyín tó ń ro ni ṣe máa ń dákẹ́ bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kò pa á, nítorí gééjì ọ́ìlì gíà tí a bá yọ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, irọ́ ló máa pa. Ó fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò jóná, ó kàn ti ṣú díẹ̀ ni. Ó tú abẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ó pààrọ̀ fílítà, ó wá wo irin tó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ni, kì í ṣe ègé. Bí ègé bá wà níbẹ̀, nǹkan ti fọ́ nínú lọ́hùn-ún nìyẹn. Lẹ́búlẹ́bú kàn ń sọ pé ọkọ̀ náà ń gbó bí gbogbo wa ṣe ń gbó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó da ọ́ìlì tuntun sí i, ó gbé ọkọ̀ lọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé.

Ìyá Ìbejì lò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ní ó ṣì ń ja òun.

Ọ̀rọ̀ wá kan sítìn ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì jókòó lé. Bí wọ́n bá ya, gbogbo irin yẹn á máa fò nígbàkígbà tí gíà bá pààrọ̀, awakọ̀ á sì rò pé gíà ló ń ṣe é. Fọwọ́kàn ní kí Panẹbítà wọlé sínú ọkọ̀, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa kó sì fi ọkọ̀ sí gíà, òun alára wá tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá yóò fò. Kò fò ju bó ṣe yẹ lọ. Síbẹ̀, ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà náà. Panẹbítà bi í pé ṣé bó ṣe máa ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́ fáwọn oníbàárà yòókù náà nìyí. Fọwọ́kàn ní kó lọ máa lu páànù rẹ̀.

Ó ṣì ń ja Ìyá Ìbejì. Ilé ìdáná ló ti sọ ọ́, níbi tó ti ń fọ abọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì wojú ọkọ rẹ̀. Fọwọ́kàn rò pé àárẹ̀ ni.

Ó wá ku wáyà. Nínú irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, wáyà kan wà tó ti ibi tọ́tù tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré lọ sínú gíábọ́ọ̀sì. Òun ló ń sọ fún gíà bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe wúwo tó. Bí ẹsẹ̀ bá fúyẹ́, gíà á tètè pààrọ̀, èèyàn kò ní mọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, á dúró pẹ́, á wá pààrọ̀ pẹ̀lú agbára. Wáyà tó bá dẹ̀ jù tàbí tó le jù yóò máa ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Fọwọ́kàn fà á, ó dẹ̀ ẹ́, ó wọ̀n ọ́n, ó wa ọkọ̀ náà lọ ó wà á bọ̀. Lọ́wọ́ tirẹ̀, ó ń rìn bí ọjọ́ tó rà á. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń lọ síṣẹ́, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i: ọkọ̀ náà ja ní igun òpópónà, orí ìyàwó rẹ̀ fò síwájú, ó fò sẹ́yìn, ó sì lọ.

Ó dúró síbẹ̀ títí eruku fi relẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀rù bà á. Ẹni tó ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣẹ́jú pé kí wọ́n lọ ta ọkọ̀ wọn fún àwọn oníirin, kò mọ bí òun yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé ara rẹ̀. Ó rántí àwọn ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kiri ilé àwọn ìyá ọmọ. Inú pálọ̀ ló máa ń bá a, tó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Bí òun bá dé, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á béèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ àkọ́kọ́. Kò fẹ́ kí ojú òun tún rí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

Panẹbítà ní ọkọ̀ náà kàn fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyàwó rẹ̀ lọ ni. Nígbà tó rí i pé ọ̀rẹ́ òun kò rẹ́rìn-ín, ó fi òòlù sílẹ̀, ó wá gbà á nímọ̀ràn pé kó kúkú sọ fún obìnrin náà pé gíà ti tán, kó jẹ́ kó lọ sinmi. Fọwọ́kàn kọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù: òun yóò sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, òun yóò tú u wò. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Gíábọ́ọ̀sì tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, bí a bá tú u, ó lè má gbà kí a tò ó padà. Ọ̀rọ̀ ikú tàbí ìyè ni, kò sì sí ẹni tó ń fi irú rẹ̀ ṣeré.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Bóòtù àkọ́kọ́ ti dípẹtà, ó kọ̀ jálẹ̀. Fọwọ́kàn gbé gbogbo agbára rẹ̀ lé sípánà, sípánà yọ̀, etí irin kan sì la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Panẹbítà fi aṣọ tó wà nítòsí dì í, ó fi ọkọ̀ kan náà gbé e lọ sílé. Ìyá Ìbejì bú aṣọ náà kó tó bú ẹni tó dì í. Ó fọ ọgbẹ́ náà, ó rán an, ó fi báńdéèjì wé e, ó wá sọ fún un pé ọwọ́ yẹn kò gbọdọ̀ kan nǹkan kan títí òun yóò fi yọ okùn rẹ̀. Fọwọ́kàn ní òun ní oníbàárà tó ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀ lọ́la. Ìyá Ìbejì ní kò burú, òun fúnra òun ni yóò wà á lọ.

Bó ṣe di pé Fọwọ́kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ tó rà nìyẹn. Láti ìgbà tó ti kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà, kò tún jókòó síbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá jọ ń jáde, òun ló ń wà á. Bó bá ń dán ọkọ̀ wò, òun nìkan ló ń lọ. Kò mọ ibi tí òun yóò fẹsẹ̀ sí. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀ nínú báńdéèjì bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ọwọ́ òsì ní tirẹ̀ kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó lọ fúnra rẹ̀, ó bà lé irin gíà. Ìyá Ìbejì wò ó, ó bi í pé ṣé ó fẹ́ bá òun wà á ni. Ó ní rárá, ọwọ́ ni kò mọ ibòmíràn.

Wọ́n gbéra. Ní igun òpópónà, ọkọ̀ náà ja wọ́n síwájú.

Fọwọ́kàn tẹ ọwọ́ mọ́ irin gíà. Ó ń retí kí irin náà sọ fún ọwọ́ rẹ̀ ibi tó ti ń dùn ún, bóyá yóò yọ̀ kó tó wọlé, bóyá yóò kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò yọ̀, kò kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gíà náà wọlé pẹ̀lú agbára, tónítóní, gẹ́gẹ́ bí gíà ṣe ń wọlé bí ẹnìkan bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lójijì. Wọ́n dé igun kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń ṣe. Fọwọ́kàn wá tẹ̀lé wáyà náà pẹ̀lú ojú inú, láti gíábọ́ọ̀sì padà wá síbi tọ́tù, ó sì wo ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ náà wà lásán lórí tọ́tù. Ó ń wá a kiri bí ẹni tó ń wá ibi ìtanná nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ kò dáhùn. Ó ju ojú sílẹ̀ fìrí láti wo ibi tí ẹsẹ̀ wà. Ó wá fi gbogbo itan tì í mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ja.

Gbogbo ohun tí Fọwọ́kàn ti fojú fò wá bẹ̀rẹ̀ sí í jọ pọ̀ lójú rẹ̀: bàtà ilé tó máa ń yọ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kò sì mọ̀, bó ṣe ń di ògiri mú bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi àtẹ̀gùn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó ti ń bá obìnrin yìí sùn ní ibùsùn kan náà láìmọ nǹkan kan.

Ó ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó yà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ti wọ kíláàsì tán. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn méjèèjì ń wo iwájú.

"Kò sí nǹkan tó ṣe gíà yìí," Fọwọ́kàn wí.

"Mo mọ̀."

Ó bi í pé láti ìgbà wo. Ìyá Ìbejì ní nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tọkàntọkàn lòun fi rò pé ọkọ̀ ni. Lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì lòun wá ṣàkíyèsí pé òun ní láti máa wolẹ̀ kí òun tó mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà. Láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó dà bí ẹni pé òun wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, bẹ́ẹ̀ òun kò wọ nǹkan kan. Ó sọ ọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ròyìn aláìsàn fún dókítà.

"O sì ń wò mí tí mò ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lójoojúmọ́," Fọwọ́kàn wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, ẹ ó tún un ṣe. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, kò sóhun tí mo gbé wá bá yín tẹ́ ò tún ṣe. Mi ò fẹ́ gbé èyí tí ọwọ́ yín ò ní ràn wá bá yín, Bàbá Ìbejì."

Omi bọ́ lójú Fọwọ́kàn, kò sì nù ún, nítorí ọwọ́ kan wà nínú báńdéèjì, èkejì sì ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ó ní kó gbé ẹsẹ̀ náà wá. Ìyá Ìbejì ní níbo, lójú títì. Ó ní kó gbé e wá. Obìnrin náà yíjú sí i lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí itan ọkọ rẹ̀, ó ń wo òpópónà bóyá ẹni tó mọ àwọn ń bọ̀.

Fọwọ́kàn fi ọwọ́ òsì tẹ orí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ibí ńkọ́?" Rárá. "Ibí?" Rárá. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù tó fi ń wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Níbi ọrùn ẹsẹ̀, Ìyá Ìbejì ní òun mọ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó padà sísàlẹ̀, ó fi ìka tọ àtẹ́lẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ lọ síwájú, ó sì dúró lójijì. Ó ra ibẹ̀. Ó rọ̀, ó sì tutù. Nígbà tó gbé ìka rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ àti omi ọgbẹ́ ló wà níbẹ̀.

"Nǹkan ti gún ọ lẹ́sẹ̀," ó ní.

Ìyá Ìbejì ní kò ṣeé ṣe. Ó fẹ́ yí i wò, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rí i kẹ́yìn. Fọwọ́kàn na ìka tó lẹ́jẹ̀ náà sí i. Ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà, torí ó ti rí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn, ó sì mọ ohun tí wọ́n máa ń gé bó bá pẹ́. Ó ti ń tọ́jú ara ọmọ gbogbo ayé, kò sì mọ̀ pé òun ń tẹ ọgbẹ́ rìn. Ìgbà yẹn ló wá sunkún. Fọwọ́kàn di ẹsẹ̀ náà mú títí ó fi sun ún tán.

Wọn kò lọ sí ọgbà mẹkáníìkì mọ́ lọ́jọ́ náà. Fọwọ́kàn bọ́ sídìí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan wà á lọ sílé ìwòsàn. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n bá lára Ìyá Ìbejì, ó sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Dókítà tó rí wọn ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Ojú ń tì í láti bá a wí, àmọ́ ó bá a wí. Ó ní ọgbẹ́ náà yóò jinná nítorí pé wọ́n tètè rí i, pé bó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó bi wọ́n pé ta ló rí i. Ìyá Ìbejì tọ́ka sí ọkọ rẹ̀. Ní ti kíkú tí ẹsẹ̀ náà kú, kò ṣèlérí pé yóò padà bọ̀ sípò. Ọkọ̀ wíwà, kó gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Ìbejì gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó mú fóònù, ó ní kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ìyá ọmọ kí òun tó jókòó sínú àga. Fọwọ́kàn gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má pè wọ́n. Èmi ni n ó máa wà ọ́ lọ."

Ìyá Ìbejì bi í pé iṣẹ́ tirẹ̀ ńkọ́. Fọwọ́kàn ní ọ̀sán lòun yóò máa lọ síṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀ ńkọ́.

"Gíà kì í sunkún," Fọwọ́kàn wí. "Ọmọ ló ń sunkún."

Ìyá Ìbejì mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Panẹbítà gbọ́, kò rí nǹkan kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun ni yóò máa gba ọkọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, ohùn tó sì fi sọ ọ́ lọ sílẹ̀ débi pé Fọwọ́kàn ní kó tún un sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọgbẹ́ àwọn méjèèjì jinná. Láàárọ̀, Fọwọ́kàn á gbé àpò ìyàwó rẹ̀, á rìn ní apá ọ̀tún rẹ̀ kó lè rí ẹni fara tì níbi àtẹ̀gùn. Nílé àkọ́kọ́, ìyá àgbà tó ṣílẹ̀kùn wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, ó bi Nọ́ọ̀sì pé ta ni bàbá yìí. Nọ́ọ̀sì ní dẹ́rẹ́bà òun ni. Ọ̀gá Fọwọ́kàn, tí adájọ́ ń dúró dè lẹ́bàá ọ̀nà, tẹrí ba, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó tún padà sínú ọkọ̀ lọ rẹ́rìn-ín. Kò wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá Ìbejì á jókòó sórí àga gígùn, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí itan ọkọ rẹ̀, kí ìyẹn lè fi ọwọ́ tọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá nǹkan kan ti gún un. Dókítà ló pàṣẹ rẹ̀. Ó ní kí Fọwọ́kàn máa fi ìka tẹ ibẹ̀ náà, kí Ìyá Ìbejì dijú, kó máa sọ ibi tó bá ti mọ ìka rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ń sàn tàbí ó ń kú sí i. Lóròòru, ibi ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ló ń mọ̀. Lóròòru, Fọwọ́kàn á ní kò burú, á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyàwó rẹ̀ á sì gbọ́ bó ṣe ń mí kanlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì dijú bó ṣe máa ń ṣe. Fọwọ́kàn ṣì ń fi aṣọ nu ọ́ìlì tó kù ní èékánná rẹ̀, kò tíì múra tán.

"Mo mọ̀ ọ́n," Ìyá Ìbejì wí. "Lórí ọmọ-ìka ńlá. Mo mọ ọwọ́ yín níbẹ̀ dáadáa."

Ọwọ́ Fọwọ́kàn kò tíì kan ẹsẹ̀ náà. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó dì, ó rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń dúró kí inú ọkọ rẹ̀ dùn. Ó rọra gbé aṣọ náà sílẹ̀.

"O ṣeun," ó ní, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ síbi tó sọ.